Lẹ́tà Inú Ìṣẹ́tí

Ìyá Aránṣọ ní maṣíìnì méjì, ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀kan tó ń wo èkejì níran, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bó bá sín ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó wà ní ìparí òpópónà á kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ọmú rẹ̀ méjèèjì á máa jó, ikùn á máa gbè é, títí abẹ́rẹ́ tó fi eyín dì mú á fi fò bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ wá a," ni yóò wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló rí i."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlá, ni òdìkejì rẹ̀ pátápátá. Ọmọ náà kò yadi, etí rẹ̀ kò di. Ó kàn jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í rìn kọjá etí ìyá àgbà rẹ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ń fẹ́, á sún mọ́ ìyá àgbà, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. Ìyá Aránṣọ á wá gbé e jáde fún aráyé.

"Ó ní omi ni òun ń fẹ́ o!"

"Ó ní bàtà yẹn há òun lẹ́sẹ̀!"

"Ó ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun!"

Iwájú olùkọ́ ọmọ náà ló ti kígbe ti ìkẹyìn yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ kò fi bá a sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá kò sí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Wúyẹ́ nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ìyá Wúyẹ́, tí í ṣe ọmọ Ìyá Aránṣọ, a máa bínú. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ń ba ọmọ yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ta ló dí i lẹ́nu? Ẹnu tèmi tó ẹni méjì lò. Kí ló burú nínú ká pín in?"

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn kí ọ̀rọ̀ ojú tó dé. Ojú òsì Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi awọ funfun bora bí ẹni tí òtútù ń mú, kò sì ṣí i mọ́. Kò pẹ́ tí ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó di pé òwú kò wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ó rán àpò ṣòkòtò mọ́ orúnkún fún oníbàárà kan, ó ní àṣà tuntun ló wọ̀lú. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni yóò dúró bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Aránṣọ jókòó ní òun nìkan, ó fọwọ́ pa maṣíìnì rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Bí ojú kan ṣoṣo yìí bá lọ, ogójì ọdún iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Dókítà ojú wọn kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá kan lókè òkun. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi retí, kí lẹ́tà tó dé. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀, wákàtí wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i, pé kí aláìsàn mú lẹ́tà yìí dání wá. Ẹni tó bá pàdánù ọjọ́ rẹ̀, oṣù méje ni yóò tún fi dúró. Dókítà wọn wo ojú ọ̀tún yẹn, ó mi orí. Ó ní kò lè dúró de oṣù méje.

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Wúyẹ́ ni yóò ka lẹ́tà náà sí ìyá àgbà létí. Á kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìyá Aránṣọ á ní, "Ó yá, kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún." Wúyẹ́ á kà á ní èdè àwọn ará ibẹ̀, èdè tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé ìwé. Ìyá Aránṣọ á máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà tó ń ta pàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná, ó mọ ìlà tó parí bí ẹni tó fẹ́ sín, tí kò wá sín mọ́. Tó bá dé ibẹ̀, ohun gbogbo á dúró kó tó rẹ́rìn-ín tán.

Ta ni yóò wá bá a lọ? Ọ́fíìsì Ìyá Wúyẹ́ kò fún un láyè. Àbúrò Ìyá Aránṣọ, tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí iṣẹ́ bọ́tìnì jẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Bọ́tìnì, òòyì a máa kọ́ ọ bó bá gun àpótí lásán, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ni Wúyẹ́ bá dìde, ó lọ bá ìyá àgbà, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Ó ní òun á bá mi lọ!" ni Ìyá Aránṣọ kéde. Ìgbà tó kéde tán ló tó gbọ́ ohun tí òun wí. "Háà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun kúkú ni," ni Ìyá Wúyẹ́ wí. "Òun ló sì gbọ́ èdè wọn jù nínú ilé yìí. Òun ló ń gba ipò kìíní."

"Lórí ìwé! Olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí! Ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ẹ ò ṣe kúkú dì wá sínú àpótí kan náà, kí ẹ kọ àdírẹ́sì sí i?"

Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn. Ni ìmúra bá bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ kì í fi ìwé pàtàkì sínú àpò. Ó ní wọ́n lè já àpò gbà, èèyàn sì lè gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kì í gbàgbé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ọkọ̀, àfi tó bá ní nǹkan mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀. Ìyá Wúyẹ́ ní, "Màmá, ọmọ wà níbí!" Ìyá Aránṣọ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ó nawọ́ sórí tábìlì, ó mú lẹ́tà, ó ká a sí mẹ́rin, ó tú ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì Wúyẹ́, ó tì í bọ inú rẹ̀, ó sì rán an padà ní ìlọ́po méjì. Ìyá Bọ́tìnì ní kí òun bá a fojú wò ó.

"Ogójì ọdún! O fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán ìṣẹ́tí?"

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gba sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dágbére fún un bí ẹni dágbére fún ọkọ. Lókè lọ́hùn-ún, ó jáde láti ilé ìtọ̀ ọkọ̀ òfurufú tòun ti ìbẹ̀rù, ó ní nǹkan tó wà níbẹ̀ fa òun nídìí, díẹ̀ ló kù kó gbé òun lọ. Wúyẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo ìlà ìjókòó mẹ́ta ló ń wò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bi wọ́n ní ìbéèrè kan láti inú àpótí onígíláàsì rẹ̀. Wúyẹ́ nà sókè, ó sọ ọ́ sí ìyá àgbà létí: "Wọ́n ní ọjọ́ mélòó la máa lò."

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" ni Ìyá Aránṣọ ké mọ́ ọn, ní èdè ilé. Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn. Ó tún béèrè. Ìyá Aránṣọ tún ké e, ó fi kún un pé ojú ló ń dun òun, kì í ṣe etí. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn tó tò sẹ́yìn wọn ti ń mí kanlẹ̀. Ni Wúyẹ́ bá na ìka méjì sókè níwájú gíláàsì, ẹnu rẹ̀ sì mì. Ọkùnrin náà tẹ etí síwájú, ó gbọ́, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé wọn.

"Kí lo sọ fún un?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ohun tí èmi náà wí nìyẹn! Kí ló dé tí kò gbọ́ tèmi?"

Wọ́n sùn sí ilé àlejò kan tí ilé ìwòsàn bá wọn wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Wúyẹ́ ti kọ orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ sórí bébà, ó nà án sí awakọ̀, awakọ̀ sì fi orí jẹ́ ẹ. Ìyá Aránṣọ di apá ọmọ náà mú. Gbogbo ìlú náà dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí: eérú níbí, pupa díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń sọ̀rọ̀ láti fi pa ẹ̀rù, ó ń kí gbogbo ẹni tó jókòó tì í. Ẹnì kan kò dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa kí èèyàn mẹ́fà tí ẹnu ẹnikẹ́ni kò ní là.

Gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn náà gbòòrò, ìjókòó tò ní ìlà ìlà, aago ńlá kan wà lára ògiri. Akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì gíga gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì gbé ojú sókè nígbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.

"Lẹ́tà," ni Wúyẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

"Ó yá!" Ìyá Aránṣọ pọwọ́ pọ̀. "Yí ìdí rẹ sí mi."

Kò kúkú sí sísọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn, ó fa ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà wá sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín já òwú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bo ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi ń gbọ́ bí òwú ṣe ń já: tà, tà, tà.

"Ìyá àgbà," ni Wúyẹ́ wí wúyẹ́wúyẹ́, "wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Wọn ò rí ẹni tó ń jẹ síkẹ́ẹ̀tì rí ni?"

Bébà náà yọ jáde. Ìyá Aránṣọ gbé e sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Wúyẹ́ gbà á, ó tú u, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú. Ẹ̀rù ba ìyá àgbà rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí ìwé lára rẹ̀."

Ìyá Aránṣọ já a gbà, ó fi ìka tọ etí rẹ̀. Ó tẹ̀ kọdọrọ níbí, ó ní ṣóńṣó méjì lọ́hùn-ún. Ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó gbà. Bébà tó fi ń gé kọ́là ni. Kọ́là aṣọ agbẹ̀bí tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló rán mọ́ ọmọ nídìí, tó sì gbé e sọdá òkun.

Fóònù ògbólógbòó kan tí ìyá rẹ̀ fún un wà lọ́wọ́ Wúyẹ́. Wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Bọ́tìnì ló gbé e.

"Bébà orí tábìlì?" ohùn rẹ̀ ń dún gbọn-gbọn-gbọn. "Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ? Mo ti fi gé kọ́là agbẹ̀bí o! Mo ní kí ló dé tí kọ́là yìí ní igun bí ilé. Mo fi sísọ́ọ̀sì tún un ṣe."

"Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ lọgun.

"Ẹ dúró ná. Méjì ló kù, àti òdo kan. Ìyókù bọ́ sílẹ̀, mo sì ti gbálẹ̀."

Wúyẹ́ rọra lọ bá akọ̀wé náà, ó sọ ohun kan. Akọ̀wé dáhùn, ó tọ́ka sí aago. Wúyẹ́ padà wá túmọ̀: nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Tó bá di aago méjìlá, wọ́n á pa ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lónìí dé, àyè rẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ìyá Aránṣọ dìde, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ó la ẹnu. Ó sọ fún akọ̀wé náà pé oṣù mẹ́rin ni òun fi retí lẹ́tà náà, ó sọ iye aṣọ tí òun ti rán, ó sọ ti sísọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nílé, ibi tó bá ti sọ ìdajì irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ti gbé àga fún un. Akọ̀wé náà kò gbójú sókè. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò.

Ni agbára Ìyá Aránṣọ bá pin. Ó jókòó gbì, ẹ̀ṣọ́ náà sì dúró. Ó wá yé e pé ẹnu, tó jẹ́ gbogbo ohun tí òun ní láyé, kò bá òun dé ìlú yìí. Orí tábìlì nílé lòun fi òun náà sílẹ̀ sí, pẹ̀lú lẹ́tà. Ó fa ọmọ náà mọ́ra. Ó ní láti gbé ọrùn sókè, nítorí Wúyẹ́ wà ní ìdúró, òun sì wà ní ìjókòó. Ó fi ẹnu kan etí ọmọ náà, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, òun tí kò sọ ohunkóhun wúyẹ́wúyẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i:

"Wúyẹ́, mi ò fẹ́ fọ́jú."

Ọmọ náà kò gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù lé lórí, tó ń wá ibi tí yóò gbé e kà. Lẹ́yìn náà, apá rẹ̀ yọ kúrò lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Ojú Ìyá Aránṣọ kò gbé e ju àwọ̀ síkẹ́ẹ̀tì lọ, tó ń jìnnà sí i, tí ìṣẹ́tí rẹ̀ tó já ń fì lẹ́yìn. Ó rí i pé àwọ̀ náà dúró níwájú tábìlì. Ó gbọ́ tí akọ̀wé sọ̀rọ̀ kan tó le. Kò gbọ́ ìdáhùn. Akọ̀wé tún un sọ, ó le ju ti ìṣáájú lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ti di ọwọ́ mọ́ ìjókòó láti dìde lọ mú ọmọ rẹ̀ wá, kí wọ́n máa lọ sílé, kí ojú tó fẹ́ fọ́ máa fọ́.

Ìgbà náà ni ohùn kan gba gbọ̀ngàn náà.

Kì í ṣe igbe. Ó mọ́, ó dúró ṣinṣin, ó sì dé ara ògiri kejì. Ìyá Aránṣọ yí sí ọkùnrin tó jókòó tì í. "Ọmọ ta nìyẹn?" Ọkùnrin náà kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ohùn náà ń bá a lọ, láìdánudúró, láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Aránṣọ gbọ́ ìlà kan tó ń ta pàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná.

Ó di àyà mú. Ó mọ lẹ́tà náà kó tó mọ ohùn tó ń kà á.

Wúyẹ́ ń ka lẹ́tà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láti ibi àdírẹ́sì, bó ṣe ń kà á ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún oṣù kan gbáko: ọjọ́, wákàtí, orúkọ dókítà. Ó dé ibi nọ́ńbà. Ó pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan tábìlì bó ṣe ń pè é. Ọwọ́ akọ̀wé náà dúró lójú kan. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ iwájú rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Wúyẹ́ kò dúró dè é, ó ń bá tirẹ̀ lọ, títí ó fi ka ìlà tó parí bí ẹni tó fẹ́ sín, tí kò wá sín mọ́.

Ìyá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Akọ̀wé náà béèrè nǹkan kan, ó ń na ìka sí ìyá arúgbó tó ń dá rẹ́rìn-ín níbi ìjókòó. Ìgbà tó yá ni Wúyẹ́ tó túmọ̀ ohun tí òun fi dá a lóhùn. Akọ̀wé ní ta ni àgbà tó tẹ̀ lé e wá. Ó ní ìyá àgbà òun nìyẹn, àwọn tẹ̀ lé ara àwọn wá ni. Ìtọ́jú ojú ni ìyá àgbà bá wá. Òun ni ẹnu wọn.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí nọ́ọ̀sì wá mú Ìyá Aránṣọ wọlé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n di ojú rẹ̀ pa, wọ́n ní kó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí túmọ̀ sí pé Wúyẹ́ nìkan ni yóò wọ bọ́ọ̀sì padà sí ilé àlejò, tí yóò sì dá wá láàárọ̀. Ìyá Aránṣọ dùbúlẹ̀, ó ń ro gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò lè béèrè omi. Ó yọ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu títí wọ́n fi fún un ní ohun tó mú un sùn. Ó dájú pé àwọn náà fẹ́ sinmi.

Ní òwúrọ̀, ó gbọ́ bàtà kan tó ń bọ̀ kíákíá, ó sì gbọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná.

"Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀. Ẹ dìde jókòó, ẹ jẹun."

"Ṣé o sùn? Ṣé o sọnù?"

"Mo sọnù," ni Wúyẹ́ wí, ẹ̀rín sì wà nínú ohùn rẹ̀. "Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lánàá kì í ṣe tiwa. Ó gbé mi dé ìparí ọ̀nà, gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀."

"Yéè! Kí lo wá ṣe?"

"Mo bi awakọ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Mo bi ìyá kan tó ń ta òdòdó. Ó ní kí n padà sẹ́yìn, kí n wọ èyí tó pupa. Mo wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí, mo ti jí ṣáájú aago mi, mo kọ́kọ́ yà ra búrẹ́dì. Ẹ la ẹnu."

Ìyá Aránṣọ la ẹnu. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán láìsọ ọ̀rọ̀ kan, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì náà ṣàkíyèsí.

Nígbà tí wọ́n tú ìdì ojú náà, ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni fèrèsé, àti etí fèrèsé gan-an, tó tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó yí orí. Níbi ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin gíga kan fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ nípa egbògi tí wọ́n á máa kán sójú: ẹ̀ẹ̀mélòó, fún ọjọ́ mélòó, ṣé kí oúnjẹ ṣáájú. Ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún ń béèrè. Irorẹ́ kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò mọ ìgbà tí irorẹ́ dé ibẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe fọwọ́ ti ìbàdí yẹn, ó ti rí i níbì kan rí, kò kàn rántí ibẹ̀ ni, àfi ìgbà tí wọ́n gbé dígí fún un láti fi wo ojú rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró bẹ́ẹ̀.

"Ta ni arúgbó yìí?" ló ké. "Ẹ gbé awọ yẹn padà síbẹ̀!"

Ọjọ́ tó kù kò gùn. Wúyẹ́ ló ń jáde lọ ra nǹkan, òun ló ń padà wá ròyìn. Ní ọ̀sán kan, ó mú oògùn tí wọ́n fi àṣìṣe fún un padà lọ bá àwọn tó tà á, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó sì ń kọ́ ìyá àgbà ní gbólóhùn kan ṣoṣo ní èdè ibẹ̀: "Ẹ ṣeun, mo ríran báyìí." Ìyá Aránṣọ ń fi í kí àga, ó ń fi í kí tábìlì, kò sì pè é bákan náà lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń padà, ọkùnrin inú àpótí onígíláàsì béèrè nǹkan kan. Ìyá Aránṣọ rọra fi ẹnu sún mọ́ etí Wúyẹ́.

Wúyẹ́ fà sẹ́yìn. "Ìyá àgbà, ó ní ṣé ara yín ti yá. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un."

"Èmi?"

"Kò ní jẹ yín."

Ìyá Aránṣọ fa èémí sínú, ó sì tú gbólóhùn náà jáde pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní. Ọkùnrin náà di orí fìlà rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó dìde dúró, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti abẹ́ gíláàsì.

Nílé, Ìyá Wúyẹ́ sáré wá pàdé wọn, ó di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọmọ mi, ṣé ebi ń pa ọ́?" Ìyá Aránṣọ ti ń tẹ etí sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kó lè gba iṣẹ́ tí yóò jẹ́.

"Rárá, Màmá, mo ti jẹun nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti rù."

Ìyá Wúyẹ́ bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù, agbẹ̀bí ti wọ aṣọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú kọ́là tó ní igun bí ilé, wọ́n sì ní ó ń yangàn káàkiri, pé kò sí irú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tì í, ó sì wọlé. Ìyá Bọ́tìnì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta á. Síkẹ́ẹ̀tì Wúyẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ bó ṣe fi eyín já a. Ó tẹ́ ẹ, ó nawọ́ mú lẹ́tà kejì tí dókítà fún wọn, ti ojú òsì, tí wọ́n dá ọjọ́ rẹ̀ sí oṣù kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó dáadáa pé ìwé wà lára rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fẹ́ tì í bọ inú ìṣẹ́tí.

Ọwọ́ kan wá láti ẹ̀gbẹ́, ó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi, Ìyá àgbà. Ọwọ́ ni mo máa fi mú un lọ."

Ìyá Aránṣọ wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú ẹni tó ni ín, ó wò ó dáadáa, níwọ̀n ìgbà tó ti lè wò ó. Ó gbé lẹ́tà náà lé e, ó sì rán ìṣẹ́tí náà pa ní òfìfo.